Èmi nìkan ni mò ń gbé: ta ni mo fẹ́ máa dáná fún?

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ọmọ ọdún 29 ni mí, Ìkòròdú ni mò ń gbé, Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Aago márùn-ún ìdájí ni mo ń jáde, ó máa ń di aago mẹ́jọ alẹ́ kí n tó wọlé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá mi wá kí mi láti Ìjẹ̀bú. Wọ́n wọ ilé ìdáná, wọ́n fi ìka nu orí sítóòfù, eruku ni wọ́n rí. Wọ́n ní, "Ilé tí wọn kì í ti dáná, ṣé ilé nìyẹn?" N kò rí èsì fọ̀.

Ọ̀dọ̀ ìyá olóúnjẹ tó wà lójú títì wa ni mo ti ń jẹun. Oúnjẹ wọn dùn. Bí mo bá ṣírò owó ata, gáàsì, ẹran àti àárẹ̀ ara mi, n kò rò pé mo ń pàdánù. Ká ní mo lọ́kọ tàbí ọmọ ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Èmi nìkan ni. Ta ni mo fẹ́ máa dáná fún? Ṣé ó burú tí n kò bá dáná mọ́?

*

Kò burú, àbúrò mi. Ẹni tó ra oúnjẹ jẹ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ìyá olóúnjẹ yẹn náà ń dáná, ìdájí ni òun náà ń jí, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì tó bọ̀wọ̀ fún.

Gbólóhùn tí o fi kádìí ọ̀rọ̀ rẹ ló mú mi jókòó kọ̀wé. O ní ta ni o fẹ́ máa dáná fún. Ìwọ ńkọ́? Bí o ṣe sọ ọ́, àfi bíi pé oúnjẹ kì í jẹ́ oúnjẹ títí ẹlòmíràn á fi jókòó tì í. Ọ̀pọ̀ wa la tọ́ dàgbà bẹ́ẹ̀, pàápàá ẹ̀yin obìnrin: wọ́n kọ́ yín ní ọbẹ̀ nítorí ọkọ tó ń bọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún yín pé ẹnu tiyín náà wà níbẹ̀.

Nígbà kan, iṣẹ́ gbé mi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Yàrá kan ni mo gbà, mo dá gbé fún ọdún méjì. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, búrẹ́dì àti ẹ̀wà rírà ni. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo ra ewédú bọ̀ láti ọjà, mo jókòó sórí àpótí, mo ń ṣa á. Ewé sínú abọ́, igi rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí mo ṣa á tán, mo rí i pé láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ìyẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ tó sì parí. Gbogbo ohun tí mo ṣe níbi iṣẹ́ kù sílẹ̀ di ọ̀la. Ewédú nìkan ló tán. Mo sè é, mo jẹ ẹ́, mo fọ ìkòkò, mo sùn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń dáná, bí iṣẹ́ tilẹ̀ pọ̀.

N kò ní kí o máa dáná ní gbogbo ọjọ́ méjèèje. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú alẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ohun kan ṣoṣo lálẹ́ kan. Jẹ oúnjẹ ìyá olóúnjẹ ní ọjọ́ yòókù, kí ọkàn rẹ sì balẹ̀.

*

Èsì yín sí ọ̀rọ̀ àbúrò wa Ìkòròdú ti pọ̀ láti àná, mo sì ti kà á tán. Ọ̀nà méjì lẹ pín sí. Àwọn kan ní kó se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan lọ́jọ́ Sátidé, kó bù ú sínú ike, kó kó o sínú firísà, ó parí. Àwọn yòókù, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ìyá, ní ọbẹ̀ tó bá ti sùn ti kú, ohunkóhun kò lè jí i.

N kò lè bá ẹgbẹ́ kankan lọ délé. Firísà dára níbi tí iná bá wà. Ní àdúgbò wa n'Íbàdàn, iná lè lọ fún ọjọ́ méjì. Ọbẹ̀ inú ike á yọ́, iná á dé, á tún dì, iná á tún lọ. Mo ti da ìkòkò ọbẹ̀ ẹran odindi kan nù rí nítorí èyí, ó sì dùn mí wọra. Ìyá tó ń gbé ọbẹ̀ kaná láàárọ̀ àti lálẹ́ kó má baà kan, ó mọ ohun tó ń ṣe. Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra rẹ̀ ní kí oúnjẹ sísè má pẹ́ ju wákàtí 2 lọ níta láìwọ inú òtútù, àti pé bí a bá tún un gbé kaná, kó gbóná dé inú lọ́hùn-ún kọjá ìwọ̀n 70 ti Celsius. Ọbẹ̀ tó ń hó gudugudu ti kọjá ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìrẹsì wé ọbẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tó máa ń lúgọ sára ìrẹsì. Bí ìrẹsì sísè bá sùn síta, á tu oró sí i, bẹ́ẹ̀ ni iná kì í pa oró yẹn bí a tilẹ̀ gbé e kaná lẹ́ẹ̀mẹta. Ìrẹsì àná tó sùn sórí tábìlì, ẹ dà á nù.

Ohun tí èmi ń ṣe ni pé mo ya ohun tó lè dúró kúrò lára èyí tí kò lè dúró. Ata lílọ̀ tí mo sè títí omi rẹ̀ fi gbẹ lè dúró. Ẹran bíbọ̀ lè dúró. Irú lè dúró. Ewédú kò lè dúró, ẹ̀fọ́ kì í fẹ́ dúró, àmàlà ò gbọdọ̀ dúró. Ọjọ́ Sátidé ni ti àwọn tó lè dúró, díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe ìkòkò gbọ̀ǹgbọ̀. Bó bá wá di alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, ìṣẹ́jú 25 ni oúnjẹ fi ń délẹ̀, síbẹ̀ oúnjẹ òòjọ́ ni.

*

Ẹnìkan fi òwe bá mi wí: "Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á."

Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, owó ọkọ̀ tó ń kó tòmátì àti tàtàṣé wá láti òkè ọya ti kúrò ní ohun tí a ń fẹnu sọ. Ṣùgbọ́n ẹ rántí 2016, nígbà tí kòkòrò Tuta absoluta wọ oko tòmátì ní Kàdúná, tó jẹ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi kéde pàjáwìrì. Tòmátì di wúrà. Ṣé a ṣíwọ́ ọbẹ̀? Nílé tiwa, àlùbọ́sà púpọ̀, tàtàṣé díẹ̀, ata rodo méjì àti irú la fi la oṣù yẹn já, àwọn ọmọ sì ń lá àwo.

Irú yẹn ni mo fẹ́ tẹnu mọ́, nítorí ẹ̀yin tí ẹ ń ka kúùbù Maggi mẹ́ta sínú ìkòkò kékeré pọ̀ níbí. Ẹ fi ọkàn wo ohun tó wà nínú irú. Àwọn obìnrin tó ń ṣe é á sè èso igi igbá fún nǹkan bíi wákàtí 12, nígbà mìíràn kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á gún un tàbí kí wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí èèpo rẹ̀ ṣí, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tún un sè, wọ́n á wá bò ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ 2 sí 4 títí tí òórùn rẹ̀ á fi jáde. Nígbà tí o bá da ṣíbí irú kan sínú ata, iṣẹ́ odindi ọ̀sẹ̀ obìnrin kan ni o dà sí i. Ẹran lè má sí nínú ọbẹ̀ yẹn rárá, á dùn. Èmi ti jẹ ẹ̀fọ́ ṣọkọ tí kò ní ju irú, edé àti panla kékeré kan lọ, tí mo fi ẹ̀kọ mẹ́ta gbé e, tí mo sì ń wá ẹ̀kẹrin.

Owó ló ń ra èròjà. Ẹni tó dúró tì í ló ń jẹ́ kó dùn.

*

Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé láti Àkúrẹ́ ní ọkùnrin gidi kì í wọ ilé ìdáná, àti pé ohun tí mò ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ kò dára. Ẹ jọ̀wọ́ sà, mo bọ̀wọ̀ fún yín, n kò gbà. Ta ló ń se ẹran ìgbẹ́ nínú àgọ́ ọdẹ? Ṣé àwọn ọdẹ máa ń mú ìyàwó dání lọ sí ìgbẹ́ láti wá ro ọkà fún wọn ni? Ta ló ń sun sùyà ní gbogbo ìkóríta ìlú yìí? Ọkùnrin ti ń dáná tipẹ́. Dídáná nílé, níbi tí kò sí owó tí kò sí ìyìn, ni ọ̀pọ̀ wa kò fẹ́.

Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, ó máa ń ṣe iṣẹ́ alẹ́. Láti 2019, èmi ni mò ń dáná láti ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀. Kì í ṣe pé mò ń bá a ṣe é. Mò ń ṣe é ni, bí mo ṣe ń san owó ilé.

Ṣùgbọ́n ìtàn bàbá mi ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ń gbé, aṣọ òfì ni wọ́n ń hun láti kékeré. Ní 2022, ọmọ ọdún 71 ni wọ́n, àbúrò mi obìnrin bímọ ní London, màmá wa sì lọ bá a tọ́jú ọmọ fún oṣù márùn-ún. Lọ́sẹ̀ kẹta, mo pe bàbá mi lórí fídíò, mo rí i pé ọrùn wọn ti gùn nínú ẹ̀wù. Búrẹ́dì àti tíì ni wọ́n ń jẹ. Aládùúgbò ń gbé oúnjẹ wá, ojú ń tì wọ́n láti gbà á lójoojúmọ́.

Mo ní, "Bàbá, àmàlà kò le. Ẹ jẹ́ ká jọ rò ó."

Wọ́n kọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, àwọn fúnra wọn ló pè. Wọ́n fi fóònù ti agolo iyọ̀, mo ń rí iná, ìkòkò àti ọwọ́ wọn. Omi hó. Mo ní kí wọ́n dín iná kù, kí wọ́n máa da èlùbọ́ sí i díẹ̀díẹ̀. Wọ́n dà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ó di kókó, kókó ńlá-ńlá, inú funfun, ẹ̀yìn dúdú. Wọ́n dúró wò ó. Wọ́n ní, "Èyí kókó." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní bí kókó bá wà lára aṣọ, oníbàárà á dá a padà. Wọ́n da ìkòkò náà nù, wọ́n gbé omi mìíràn kaná.

Ẹ̀ẹ̀kejì kò dán tán. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo rí i tí wọ́n di ọmọrogùn mú ṣinṣin, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ ti ìkòkò, tí wọ́n ń fà á bọ̀ sọ́dọ̀ ara wọn tí wọ́n tún ń tì í lọ, tí wọn kò sọ̀rọ̀ rárá. Mo mọ ojú yẹn. Ojú tí wọ́n máa ń ní nídìí òfì ni. Wọ́n wọ́n omi gbígbóná sí i, wọ́n dé e fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó jinná dénú, wọ́n tún rò ó. Ó dán bí ojú dígí.

Kí oṣù tó parí, wọ́n ti ń pè mí láti fi ẹjọ́ ẹlẹ́lùbọ́ sùn. Wọ́n ní èyí tí wọ́n rà ní iyanrìn, wọ́n ní gbodo tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ kò gbẹ tán kí wọ́n tó gbé e lọ sí ẹ̀rọ, wọ́n ní àwọn á máa ra gbodo fúnra wọn báyìí, àwọn á máa dúró tì í níbi tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́. Ọkùnrin tó fi ọdún 71 jẹ àmàlà láìbéèrè ibi tó ti wá. Màmá wa ti dé láti ìgbà yẹn, bàbá mi ṣì ń ra gbodo náà fúnra wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi Àkúrẹ́, kí ni wọ́n pàdánù níbẹ̀?

*

Ọ̀rọ̀ ewédú tún bẹ́ sílẹ̀. Ìjábẹ̀ ni mo fi ń já a, ẹnìkan sì ní ayé ti lajú, kí n lo ẹ̀rọ ìlọta. Ẹ lò ó, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Kí ẹ má kàn jẹ́ kó pẹ́ nínú rẹ̀: ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì fìrí-fìrí, kó dúró. Bó bá pẹ́, á hó bí ọṣẹ, á sì pàdánù yíyọ̀ rẹ̀. Èmi fẹ́ràn ìjábẹ̀ nítorí pé etí mi ni mo fi ń sè é. Ó kọ́kọ́ ń dún ṣáṣá, bí ewé bá ti ń rọ̀ ohùn náà á wúwo, á di pọ̀pọ̀. Bó bá ti dún báyẹn, mo ti da irú sí i nìyẹn.

Kánún ńkọ́? Díẹ̀ bíńtín. Òótọ́ ni pé ó ń jẹ́ kí ewédú àti ẹ̀wà tètè rọ̀, ṣùgbọ́n ó tún ń ba fítámì B1 inú wọn jẹ́. Bí ewédú bá jẹ́ ọ̀dọ́, kò nílò kánún rárá.

Ní ti ẹni tó ní oúnjẹ orí gáàsì kò lè dùn tó ti orí igi láé: mo mọ adùn tí ẹ ń sọ, mo dàgbà nínú èéfín yẹn. Mo tún mọ ikọ́ tí ìyá ìyá mi wú títí wọ́n fi lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ikú tí èéfín ìdáná inú ilé ṣokùnfà ní 2020 sí mílíọ̀nù 3.2 kárí ayé. Ẹ fi igi sílẹ̀ fún ọjọ́ ìnáwó, ní gbangba ìta. Bí ẹ bá ń fẹ́ òórùn èéfín nínú ọbẹ̀ òòjọ́, ẹja gbígbẹ tó tọ́ èéfín dáadáa á gbé e wá fún yín.

*

Ọ̀rọ̀ kan tó yà díẹ̀. Arábìnrin kan tó ń gbé ní òkè òkun béèrè bóyá oúnjẹ lè wúwo tó bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, pé ìkòkò ni ìkòkò ń jẹ́.

Mo fẹ́ kó ronú sí Bàhíà ní Bràsíl. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa dé ibẹ̀ láìní ẹrù lọ́wọ́. Síbẹ̀, lónìí ní ìlú Salvador, obìnrin aláṣọ funfun á jókòó nídìí agbada epo pupa lójú títì, á máa din acarajé. Ẹ̀wà tí a bó èèpo rẹ̀, tí a lọ̀, tí a pò mọ́ àlùbọ́sà, tí a din nínú epo. Ẹ pe orúkọ rẹ̀ sókè, ẹ ó gbọ́ "àkàrà" àti "jẹ" nínú rẹ̀. Oúnjẹ Ọya ni wọ́n kà á sí níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Ní 2005, ìjọba Bràsíl kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin náà sínú ìwé ogún àjogúnbá orílẹ̀-èdè wọn. Wọ́n tún ní amalá Ṣàngó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilá ni wọ́n fi ń sè é: èlùbọ́ lọ, orúkọ dúró.

Ohun tí mo ń rí níbẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò kọ àkàrà yẹn sínú ìwé fún wọn. Ẹnìkan din ín lónìí, ó tún din ín lọ́la, ọmọ kan sì dúró nítòsí tó ń wò ó. Ká ní wọ́n fi í sílẹ̀ fún ìran kan péré ni, ì bá ti parí.

*

Àbúrò wa Ìkòròdú ti padà wá. Ó ní òun ti dáná lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, pé òun jẹ ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì lórí ilẹ̀ ilé ìdáná nítorí òun kò tíì ní àga níbẹ̀, pé oorun tí òun sùn lálẹ́ ọjọ́ náà dára. Inú mi dùn débi pé mo ka ọ̀rọ̀ náà sí ìyàwó mi létí.

Ó wá ní ìṣòro kan ṣẹ́kù: ọbẹ̀ ata òun máa ń da omi, epo á wà lọ́tọ̀, omi lọ́tọ̀, ata á máa kan lẹ́nu.

O kánjú da epo sí i ni. Lẹ́yìn tí o bá lọ ata, má tíì fojú kan epo. Gbé ata nìkan kaná, má dé e, kó máa hó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ á máa ta kiri, dúró jìnnà díẹ̀. Omi rẹ̀ á máa lọ, á máa ki, títí o fi máa fi ṣíbí la ìsàlẹ̀ ìkòkò tí ojú ọ̀nà náà kò ní tètè pa dé. Ìgbà yẹn ni kí o da epo sí i, pẹ̀lú àlùbọ́sà tí o rẹ́ sọ́tọ̀, kí o wá din ín lórí iná tí kò le jù. Bí epo bá ti yọ sókè, tí ìró ìkòkò kúrò ní ti híhó tó di ti díndín, ó ti tó. Ìkankan yẹn á lọ. Da omi ẹran sí i, fi iyọ̀ sí i, tọ́ ọ wò.

Bu díẹ̀ pamọ́ de màmá rẹ. O ní ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń bọ̀, àbí?